Ọmọ tó ka ìrẹsì

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń múra àtilọ fún TP, ìyẹn ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, ohun tí ojú mi rí níbi tí mo ti ń kọ́ kíláàsì JSS 2 kan ní Gẹ̀ẹ́sì ní Adó-Èkìtì ni mo fẹ́ sọ, kí ẹ̀yin má baà kó sí i.

Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà ni mo ń kọ́ wọn: ohun tó bá ṣeé kà ni "countable", èyí tí kò ṣeé kà ni "uncountable". Mo kọ "rice" sábẹ́ èyí tí kò ṣeé kà. Ọmọbìnrin kan lẹ́yìn ṣí kúlà oúnjẹ rẹ̀, ó ń to ìrẹsì sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dórí 17, ó gbójú sókè: "Sà, ó ṣeé kà o." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó rí nǹkan sọ, ẹlòmíì ti ní owó ńkọ́, ṣebí ojoojúmọ́ nìyá òun ń ka owó l'Ọ́jà Ọba. Mo ní kí wọ́n jókòó. N kò ní èsì.

Ọmọ yẹn ló jàre. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ojú nǹkan, ọ̀rọ̀ ló ń wò. Kóńgò kan náà ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀wà àti ìrẹsì, síbẹ̀ "beans" ń gba "many", "rice" ń gba "much". Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Owó náà, náírà ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka "money". Ẹ sọ ọ́ fáwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọn ò ní bá yín jà.

Kóńgò ló wá yọ mí. Mo yá ọ̀kan lọ sí kíláàsì. Ta ní ń sọ pé kí wọ́n wọn ìrẹsì mẹ́ta fún òun? Kóńgò ìrẹsì Ìgbẹ́mọ mẹ́ta là ń wí. Kóńgò là ń kà, ohun inú rẹ̀ kọ́. Bí "three bags of rice" ṣe rí náà nìyẹn. Ibi tó ti le ni ìmọ̀ràn. Ìmọ̀ràn mẹ́ta kò burú lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ní àfi ká wá kóńgò fún un, "piece" sì ni kóńgò náà: "three pieces of advice". Nítorí pé "àwọn" ń bá ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ lọ lédè wa, àwọn ọmọ rò pé "s" náà ń bá gbogbo ẹ̀ lọ: "advices", "informations". "Furnitures" wà lára pátákó káfíńtà ẹ̀yìn ọgbà wa títí dòní. N kò ní sọ fún un. Iṣẹ́ ẹ̀ dáa.

Ní ti "little" àti "a little", "díẹ̀" ni wọ́n ń túmọ̀ méjèèjì sí, gbogbo kíláàsì á sì dàrú. Ẹ má túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ẹ lo odidi gbólóhùn. "Mo ní owó díẹ̀ lọ́wọ́": ẹni yìí á rí ọ̀kadà wọ̀ délé, "a little" nìyẹn. "Díẹ̀ lowó tó kù lọ́wọ́ mi": ẹ ti mọ̀ pé ó fẹ́ yáwó, "little" nìyẹn. "Few" àti "a few" náà ń tọ ọ̀nà yìí. Ọmọbìnrin onírẹsì yẹn ló kọ́kọ́ sọ "Díẹ̀ lowó tó kù lọ́wọ́ mi" síta, ó fa ojú ro, ó sì na ọwọ́ sí mi.