Àkọsílẹ̀ 9: Ó tutù tán, kò dì

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá, sẹ́ńsọ̀ ń ka 25.4 °C, túùbù kẹrin sì mọ́ gaara bí omi. Methyl palmitate, ọ̀rá tí mo fẹ́ kó máa gbé ooru pa mọ́ fún mi, tó yẹ kó ti dì gbagidi láti nǹkan bí 30 °C ni o! Mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó kọ̀ tí kò sùn.

Kí n yára sọ èyí tó ti parí. Àpótí tí mo ń kọ́, tí yóò máa fún mi lóoru, ti ní ìdérí. Mo ti ki gbogbo DS18B20, àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń ka ìwọ̀n ooru, bọ omi yìnyín láti mọ èyí tó ń purọ́; méjì ń purọ́. Palmitate ti wà nínú túùbù méjìlá.

Wàhálà tó kù nìyí. Nínú ìgò ńlá tí mo fi bẹ̀rẹ̀, ní 29 ló ń dì, láìjanpata. Ọ̀rá kan náà, agolo kan náà, mo pín in sí túùbù, ló bá di pé ọ̀kan dì ní 28, òmíràn ní 26, àwọn kan ò tilẹ̀ dáhùn. Sẹ́ńsọ̀ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo purọ́ mọ́ ọn.

Kírísítálì, èérún líle tí ìdì fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣàdédé wá. Ó ń wá ibi tí yóò fara tì: èérún ìdọ̀tí, ibi tó ha lára ìgò. Nínú ìgò ńlá, ẹyọ ibi kan ṣoṣo ti tó. Tí ibẹ̀ bá ti dì, á ran gbogbo ìyókù. Ṣùgbọ́n túùbù méjìlá jẹ́ ilé méjìlá, oníkálùkù ló máa wá tirẹ̀. Èyí tí kò bá rí èérún kankan á kàn máa tutù lọ ní olómi. Ẹ wá wo àwọn tó ń fi irú ọ̀rá yìí (ẹ́sítà) sínú kápúsù tíńtín, tiwọn tún burú jù.

Tó bá wá dì, gíráàfù á fò láti 25.9 sí 29.3 láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, torí ooru tó há sínú rẹ̀ ń jáde. Ooru ò sọnù. Àmọ́ ní 29 ni mo fẹ́ kí àpótí máa fún mi lóoru, kì í ṣe ìgbà tí ibi gbogbo ti tutù tán. Gíráàmù kan ń gbé bíi 200 joule tó bá yọ́. Kí omi tó gbé iye yẹn, ó máa fi bíi ìwọ̀n 48 gbóná sí i. Kí ni èrè rẹ̀ tí kò bá tú u sílẹ̀ lásìkò?

Òwúrọ̀ òní ni mo fura sí nǹkan kan. Àwọn túùbù tí mo mú gbóná dé 60 ló ń ṣagídí. Àwọn tí mo dá dúró ní 32 dì ní 29 geere. Àjẹkù kírísítálì tí ojú ò rí ló ní láti kù lára túùbù.

Mo wá gbọ́n àgbọ́njù. Mo fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún methyl stearate, ọ̀rá mìíràn, sínú túùbù méjì, mo ní nǹkan bí 38 ló ń yọ́, yóò kọ́kọ́ dì, yóò sì fa palmitate lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n òun àbúrò ni wọ́n, kábọ́ọ̀nù méjì péré ló yà wọ́n; ó pò mọ́ ọn pátápátá. Ibi ìdì já sí 27, ìlà gíráàfù tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ sì dagun. (Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gíráàfù agolo àkọ́kọ́ tí mo rà rí, èyí tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó mọ́! Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára agolo gbọ́. Ẹ yọ́ ọ, ẹ wo ìlà rẹ̀.)

Gíráfáìtì, nǹkan dúdú inú pẹ́ńsùlù, ṣe dáadáa, torí kò pò mọ́ ọn. Mẹ́ta nínú mẹ́rin dì lókè 28. Ó kàn ń rì ni. Lọ́la, mo fẹ́ wá nǹkan tí yóò mú un léfòó...

Rárá, ẹ dúró. Tó bá jẹ́ àjẹkù kírísítálì ló ń ṣiṣẹ́, kí ló dé tí n kò fi tọ́jú díẹ̀? Kí n lu ìdí àpótí, kí ìdí túùbù yọ síta síbi tó tutù, kí èyí tó wà níbẹ̀ má yọ́ láé. Ìdí ni o, kì í ṣe orí: ọ̀rá ń wú tó bá yọ́, bí èyí tó dì bá sì dí i lórí, túùbù á fọ́. Ooru díẹ̀ á jò níbẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Gíráfáìtì lè máa sinmi.

Túùbù kẹrin ti dé 24.7. Mo jì í, mo fi ìka ta á, kò dáhùn. Mo ṣí i, mo ju èérún palmitate tó ti dì kan sínú rẹ̀.

Ó ti funfun. 29.1.