Kùkùté dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé wa

Ẹ bá mi kí àwọn tó ń fi àáké jẹun o! Láti ìgbà tí a ti gé dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé wa n'Íbàdàn ni kùkùté rẹ̀ ti ń rú. A óò gé ọ̀mùnú rẹ̀ dànù, bí òjò bá ti rọ̀, òmíràn á tún yọ. Bí gbòǹgbò igi yẹn bá ṣì wà láàyè, kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ti ìbẹ́pẹ ò le rárá, ó jẹrà fúnra rẹ̀.

Àwọn alájọgbé ní ká dáná sun ún. Bàbá tó wá ṣiṣẹ́ náà lánàá ní, "Ìyá Ìbejì, igi tútù ni, èéfín lásán lẹ máa rí. Ó sì ti sún mọ́ ògiri jù."

Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ yí i ká, wọ́n bu omi sí i kó lè rọ̀, wọ́n wá ń gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ nu yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, torí iyanrìn ló ń mú kí ẹnu àáké kú. Ọmọ wọn ò ní sùúrù, ó ń tì í. Bàbá rẹ́rìn-ín: "Ẹni tó bá mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì!" Ìgbà tí wọ́n gé èyí tó lọ sísàlẹ̀ tààrà ló tó yẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja ti tọrọ kùkùté náà fún igi ìdáná. Yẹ̀pẹ̀ tí a ó fi dí kòtò ló kù. Ta ló mọ onítípà tówó ẹ̀ ò wọ́n?