Ọdún tí mo pa Màámi fún ọjọ́ 3

Ẹ kú ìyèdún o. Mo jókòó láti kọ àyẹ̀wò ọdún 2025 bí mo ṣe máa ń kọ ọ́, láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, àmọ́ oṣù kẹjọ nìkan ló ń dá mi lóhùn. Oṣù méje àkọ́kọ́: mo jí ní aago 4, mo lọ síbi iṣẹ́, mo sùn nínú bọ́ọ̀sì. Ó tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ Ìyá Àgbà. Àwọn ló bú ìrẹsì mi léṣìí, tí gbogbo yín sì gbè sẹ́yìn wọn. Yàrá wọn kọjú sí tiwa ní Agége. A ò bára tan rárá. Ọmọ Ìjẹ̀bú lèmi, Ìsẹ́yìn làwọn ti wá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló so wá pọ̀.

Láàárọ̀, mo máa ń wọ rélùwéè láti Agége dé Ọyìngbò, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì sọdá sí Marina. Ìyẹn ò ṣòro. Alẹ́ ni wàhálà wà. Tá a bá ń parí àkáǹtì oṣù ní ọ́fíìsì, rélùwéè kì í dúró de ẹnì kankan: ó di CMS, ó di Ọ̀ṣòdì, ó di Agége, aago 10 ti lù. Kékeré, ọmọ mi, á ti sùn ní yàrá Ìyá Àgbà. Kúlà oúnjẹ mi á wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣíbí á wà lórí ìdérí rẹ̀. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé kọ, ṣíbí ni lẹ́tà wọn. Tó bá dojú délẹ̀, ọmọ ti jẹun, ara rẹ̀ dá. Tó bá ṣíjú sókè, ọ̀rọ̀ wà, kí n kan ilẹ̀kùn bó ti wù kó pẹ́ tó. “Ìyá Kékeré,” wọ́n á ní, “ọ́fíìsì yín yìí, ṣé kò ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì ni?”

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ fún yín pé iṣẹ́ ò pa ilé lára lọ́dọ̀ tèmi. Mo tiẹ̀ ń gba àwọn abiyamọ níyànjú! Irọ́ ni. Ẹrù ẹni méjì ni, Ìyá Àgbà gbé orí kan, èmi ni mo wá ń fọ́nnu.

Ọjọ́bọ̀ kan ní oṣù kẹjọ ni. Àwọn ọ́dítọ̀ wà lọ́dọ̀ wa, fóònù mi wà nínú báàgì. Nígbà tí mo fi máa yọ ọ́, onílé ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdí táàpù ni Ìyá Àgbà ṣubú sí, abọ́ Kékeré wà lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀sì wa ò mira lórí Third Mainland Bridge nígbà tí onílé tún pè, tó ní kí n má wulẹ̀ sáré mọ́.

Mo gbàgbé ṣéńjì mi sọ́wọ́ kọ̀ndọ́. Ìyá Àgbà ì bá dìde padà wá bú mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sin wọ́n, kí oòrùn tó mú. Mo pe ọ́fíìsì, mo tọrọ ọjọ́ 3. Ohùn ọmọbìnrin tó gbé e tutù: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ṣé ìyá yín ni?” Rárá. “Ìyá ọkọ yín?” Rárá. Fọ́ọ̀mù ní àyè fún òbí, fún ọkọ, fún ọmọ. Kí ni kí n kọ, oníṣíbí? Mo ní, “Nẹ́tíwọ̀kì ni ò dáa. Ìyá mi ni mo wí.”

Màámi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ara wọn le kókó. Àwọn ará ọ́fíìsì dáwó òkú wọn, mo fi ra ẹran fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ Ìyá Àgbà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni inú wá ń bí mi, mo ń ka òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa nínú rélùwéè. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí wákàtí 1 fi sinmi, ó kéré tán. Ó ní ọjọ́ 1 nínú ọjọ́ 7 gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi. Orí mi wú. Mo wá dé ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tí òṣìṣẹ́ ń jẹ́: wọ́n yọ àwọn oníṣẹ́ àbójútó àti oníṣẹ́ ìmọ̀ irú tèmi kúrò. Èmi tí mò ń jí ní aago 4, n kì í ṣe òṣìṣẹ́! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹni tó jókòó tì mí fi sún sẹ́yìn.

Mo bá ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ ṣá. Aago 5 ni mò ń kúrò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, títí di oṣù kẹta ná. Ẹ má tíì bá mi yọ̀, ìparí ọdún ti gba méjì padà nínú rẹ̀. Ọmọ onílé ló ń mú Kékeré wálé báyìí, mò ń san nǹkan fún un. Lóṣù tó kọjá, mo pẹ́ dé, mo bá ṣíbí tó ṣíjú sókè lórí kúlà. Mo fò wọlé. Kékeré ni, ojú rẹ̀ là kedere. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá màá jí òun.

Màámi ti dé fún ọdún. Mo jẹ́wọ́ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Èló ni wọ́n dá fún mi?” Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Tí mo bá wá kú ní tòótọ́ ńkọ́, kí lo máa sọ fún wọn?”

Mo ní ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìrẹsì lórí iná. Ó ti jóná.