Khinkali ilé Màmá ní Pasanauri

Bí ẹ bá bi ará Tbilisi léèrè ibi tí wọ́n ti ń se khinkali (ẹran tí wọ́n fi fúláwà pípò wé, tí wọ́n sì sè nínú omi) tó dùn jù, àfàìmọ̀ kó má dárúkọ Pasanauri fún yín. Ìlú kékeré kan ni, lójú ọ̀nà tó la òkè Caucasus kọjá lọ sí ẹnubodè Rọ́ṣíà, ní orílẹ̀-èdè Jọ́jíà (ti Amẹ́ríkà kọ́ ni mò ń wí o), tí Tbilisi jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Torí oúnjẹ yìí ni mo ṣe lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè níwájú ibẹ̀, tí gbogbo àlejò ń sáré lọ yà ní fọ́tò, lè dúró dìgbà mìíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Tbilisi ló bá mi wá ilé tí mo dé sí: ilé ìyá àgbà ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ní gáréèjì Didube ni mo ti wọ marshrutka, bọ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń kérò níbẹ̀. Kò gbéra títí ó fi kún, ìyẹn ò sì ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti wọ mọ́tò rí ní Ìwó Road. A gba ẹ̀gbẹ́ adágún Zhinvali àti odi àtijọ́ Ananuri kọjá, kò sì pẹ́ tí mo fi sọ̀. Ní Pasanauri ni odò Aragvi Funfun àti Aragvi Dúdú ti pàdé. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ ó rí àwọ̀ omi méjèèjì tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ wọn bi mí bóyá mo ti jẹun. Ló bá di ilé ìdáná.

Ẹran màlúù ló pọ̀ jù nínú tiwọn, pẹ̀lú ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀ nítorí ọ̀rá. Láyé àtijọ́, àgùntàn ni, torí pé darandaran ni àwọn ará òkè Mtiuleti, Pshavi àti Khevsureti tí oúnjẹ náà ti ṣẹ̀. Màmá kì í lọ ẹran lẹ́rọ. Ọ̀bẹ ńlá ni wọ́n fi ń gé e lórí pákó, wọ́n ń gé e lọ, wọ́n ń gé e bọ̀, títí yóò fi kúnná síbẹ̀ tí eyín á ṣì mọ̀ pé ẹran ni. Àlùbọ́sà, iyọ̀, ata gbígbẹ àti kúmínì díẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Ó tán. Nílùú ńlá, wọ́n máa ń da ewé kọriáńdà àti páásílì sí i. Mo béèrè bóyá àwọn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. "Ti ìgboro nìyẹn," ni Màmá wí. Ìyá wọn kò fi ewé sí i, ìyá ìyá wọn náà kò fi sí i. Mo ti jẹ méjèèjì, ẹ̀yìn Màmá ni mo wà: ewé a máa gba ẹnu mọ́ ẹran lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n omi ni gbogbo ọ̀rọ̀ khinkali. Màmá ń bu omi tútù sínú ẹran tútù náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pò ó, ẹran ń mu ún. Wọ́n á tún bu òmíràn, wọ́n á tún pò ó, títí ó fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Omi yìí, pẹ̀lú ọ̀rá tó bá yọ́, ni yóò di ọbẹ̀ nínú rẹ̀ bó bá jinná. Ìdí nìyẹn tí fúláwà tí wọ́n fi ń wé e fi gbọ́dọ̀ le: fúláwà, iyọ̀ àti omi nìkan, kò sí yíìsì. Màmá á fi ìka tẹ̀ ẹ́. Bí ìka bá tètè rì, fúláwà ṣì kù. Wọ́n fi aṣọ bò ó kó sinmi, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n fi ẹnu ife gé e róbótó-róbótó, wọ́n wá tún ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ títí ó fi fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Ọwọ́ Màmá ni mo tẹjú mọ́ jù. Àtàǹpàkò òsì dúró lójú kan, ọ̀tún ń fa etí fúláwà wá bá a, ìṣẹ́po kan lórí èkejì, gbogbo rẹ̀ ń yí lọ, bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn ẹnu àpò. Wọ́n fún ọrùn rẹ̀ pọ̀, wọ́n já èyí tó lé lórí. Àwọn èèyàn a máa sọ pé ìṣẹ́po 19 ló yẹ kó ní. Màmá kì í kà. Wọ́n gbé èyí tí mo ṣe ní ọrùn, wọ́n mì í jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n yẹ ìdí rẹ̀ wò, wọ́n wá tò ó sáàárín tiwọn. Inú mi dùn dé ìka ẹsẹ̀.

Omi oníyọ̀ tó ń hó kùtùkùtù ni wọ́n ń sọ ọ́ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ṣíbí onígi rọra rò ó yí ká kó má baà lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Bó bá léfòó, ó kù díẹ̀.

Ẹ má mú fọ́ọ̀kì sún mọ́ ọn! Bí fọ́ọ̀kì bá gún un, ọbẹ̀ ti dànù nìyẹn. Ata dúdú lílọ̀ nìkan ni wọ́n wọ́n lé e lórí. Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ díẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fa ọbẹ̀ rẹ̀ mu, kí ẹ tó jẹ ìyókù. Ọrùn tó le yẹn, inú àwo ni wọ́n ń fi í sí. Òun ni wọ́n fi ń ka iye tí kálukú jẹ. Ẹni tó ti ń fọwọ́ jẹ iyán láti kékeré kò nílò olùkọ́ níbẹ̀, Màmá sì pàtẹ́wọ́ nígbà tí ẹ̀kán omi kan ò bọ́ sórí aṣọ mi.

Mo ti ṣe é nílé ní Ìbàdàn. Ẹran màlúù ọlọ́ràá nìkan ni mo lò, torí àwọn ará ilé wa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì dára gan-an. Ooru wa máa ń tètè gbẹ fúláwà, nítorí náà aṣọ tó tutù ni kí ẹ fi bò ó, kí omi tí ẹ ó bù sínú ẹran sì jẹ́ ti inú fíríìjì. Èyí tó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì, ẹ má tún un sè. Ẹ dín in nínú bọ́tà tàbí òróró díẹ̀ títí ìdí rẹ̀ yóò fi pọ́n. Bí Màmá ṣe ṣe é fún mi láàárọ̀ nìyẹn, kí n tó lọ dúró de mọ́tò.