Ọjọ́ tí mo fa wáyà géèmù ọmọ mi yọ

Ọmọ ọdún 10 ni àkọ́bí mi nígbà náà. Mo ti pè é wá jẹun lẹ́ẹ̀mẹrin, "Mò ń bọ̀, Mọ́mì" ló ń wí, kò sì dìde. Ni mo bá wọlé tọ̀ ọ́, mo fa wáyà iná yọ lára ògiri. (Ẹ má bínú, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ fa nǹkan yọ kí n tó béèrè.) Ó fi igbe bọnu àfi bí ẹni tí àkekèé ta. Ó ju páàdì ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti àbúrò rẹ̀ ṣubú, ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún bàbá wọn pé géèmù yìí ti fẹ́ sọ ọmọ wa di jàǹdùkú.

Lọ́jọ́ kẹta, inú mi ti rọ̀ díẹ̀. Mo gbé àga tì í, mo ní kó fi ohun tó ń ṣe hàn mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́rin ló jọ ń gbá a lẹ́gbẹ́ kan náà. Bí ọ̀kan bá já kúrò láàárín, ìyà rẹ̀ á jẹ àwọn tó kù, wọ́n á sì bú u títí. Abájọ! Ìdíje kan kì í ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ. Láti ọjọ́ náà, n kì í tún pariwo aago lé e lórí mọ́. "Èyí tó o wà lórí ẹ̀ yìí ni àṣekẹ́yìn" ni mo máa ń sọ, bó bá sì ti parí, á pa á. Bí ìdajì wàhálà wa ṣe tán nìyẹn.

Oorun ló fa ìdajì kejì. Lóru ọjọ́ kan, ní nǹkan bí aago kan, mo dìde láti mu omi. Mo rí ìmọ́lẹ̀ kan tó ń bì yẹ̀ẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora ọmọ mi. Mo ká aṣọ náà sókè: fóònù mi àtijọ́ ni, èyí tí mo fún un pé kó máa fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó ń gé àlùbọ́sà. Kò tiẹ̀ gbá géèmù kankan, fídíò àwọn tó ń gbá géèmù ló ń wò. Bí ọ̀kan ṣe ń parí ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, ibo lọmọ fẹ́ ti rántí pé ilẹ̀ ti ṣú?

Ó yẹ kí ọmọ ọdún 6 sí 12 máa sun oorun wákàtí 9 sí 12. Mo ka ti ọmọ mi lórí ìka, wákàtí 5 ni. Bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù máa ń tan ọpọlọ jẹ pé ojúmọmọ ṣì ni, kì í jẹ́ kí èròjà melatonin tó ń mú oorun kunni jáde lásìkò. Gbogbo ìkanra, ìgbàgbé àti ẹkún òjijì tí mo ń dì ru géèmù, àìsùn ló wà nídìí púpọ̀ nínú rẹ̀.

A wá fi òfin kan lélẹ̀: pálọ̀ ni gbogbo fóònù ilé máa sùn, títí kan tèmi àti ti bàbá wọn. Tèmi ló nira jù, n kò ní purọ́. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà ti ń jí kí n tó kan ilẹ̀kùn.

Ti jàǹdùkú tí mo sọ ńkọ́? Ní 2020, American Psychological Association, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní géèmù oníjà lè mú kí ọmọ máa jágbe mọ́ni tàbí kó máa ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí kò tó láti sọ pé òun ló ń fa ìwà ipá ńlá. Ọmọ mi kúkú ti àbúrò rẹ̀ lójú mi. Mo lọ yẹ páálí géèmù náà wò, nọ́ńbà 16 wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Ọjọ́ orí tí géèmù yẹ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ o. Èmi tí mo rà á, iye géèmù tó wà nínú rẹ̀ ni mo pè é! A pààrọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan á ní àìsàn ló ń ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, bárakú géèmù wà nínú ìwé àkójọ àìsàn Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àmọ́ ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, tí géèmù ti gba ipò gbogbo nǹkan, tó ń ba ayé rẹ̀ jẹ́, tí kò sì lè jáwọ́, ni wọ́n ń sọ. Ó sì sábà máa ń tó oṣù 12 kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Ti ọmọ mi kò dé ibẹ̀ rárá.

Àbúrò rẹ̀ ni mo ṣì ń bá fà á. Ó ti pé ọdún 3 báyìí. Àjọ kan náà ní kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má ṣe jókòó ti ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́, bó bá sì dín sí i, ó sàn. Èmi ni mo fi kàtúùnù kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹun, òun náà kò sì fẹ́ lanu láìsí i mọ́. Lánàá, 40 ìṣẹ́jú ló fi jẹ abọ́ oúnjẹ kan. Mo jókòó tì í, fóònù wà ní pálọ̀.