Ọlọ́run Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé Ahọ́n Mi

Ẹ yin Olúwa! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́, ọpẹ́ mi pọ̀.

Kókó kan ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n mi lápá ọ̀tún. Kò dùn mí rárá. Ó kàn le gbagidi, ojú rẹ̀ funfun díẹ̀, eyín mi a sì máa ṣèèṣì gé e tí mo bá ń jẹun. Níbi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n bu díẹ̀ lójú rẹ̀ fún àyẹ̀wò, èsì sì dé pé jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní àwọn á gé lára ahọ́n mi, àwọn á sì tún la ọrùn mi. Olùkọ́ ni mí o! Ìyá mi kò jẹ, kò mu.

Ọlọ́run wá fi mí lé dókítà obìnrin kan lọ́wọ́ n'Íbàdàn, onímọ̀ àrùn ẹnu. Ó ní kí n lọ gba gíláàsì tí wọ́n tẹ́ ẹran náà sí wá. Ó wò ó títí, ó ní, “Mà, òkè nìkan ni wọ́n bù, wọn ò dé ìsàlẹ̀. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan ahọ́n yìí.”

Ó tún bù ú, ó sì jìn lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí èsì jáde, ó ní kí n fojú ara mi wò ó nínú maikirosíkóòpù. Mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì inú kókó náà: ńláńlá, pupa rẹ́súrẹ́sú, hóró wẹ́wẹ́ kún inú wọn bí gàrí. Àyẹ̀wò S-100, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá èròjà purotéènì kan nínú ẹran tí wọ́n bù, sì fi hàn pé ara ohun tó ń bo iṣan ìmọ̀lára ni kókó náà ti wá. Granular cell tumour ni wọ́n ń pè é. Abrikossoff, dókítà ará Rọ́ṣíà, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1926. Ahọ́n ló ti wọ́pọ̀ jù, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ. Kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ nígbà míì awọ tó bò ó lókè máa ń nípọn, á ta gbòǹgbò wọlẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá rí òkè nìkan lè pè é ní jẹjẹrẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá sọ irú èyí fún èèyàn yín, ẹ bi wọ́n pé ṣé ibi tí wọ́n bù jìn tó.

Kókó náà nìkan ni wọ́n yọ, pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹran tó yí i ká. Etí ẹran tí wọ́n gé náà mọ́, wọn ò rí kókó níbẹ̀. Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò, nítorí ó lè padà bí ó bá ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n mo ti padà sí kíláàsì, ọ̀rọ̀ sì ń já geere lẹ́nu mi.

Dókítà mi, ẹ̀yin tí ẹ ò kánjú, Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú yín fọ́. Ọmọ yín á ṣe yín lóore. Jésù, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Halelúyà!