Àpá Bàbá Àgbà, àpá tèmi

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará ilé.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ìsánlú, ní kókó nínú àyà. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ó ń tẹ ọ̀nà tí wọ́n fi ń mí, ìjókòó ni wọ́n ń sùn. A gbé wọn gba Ẹ̀gbẹ̀, Èrúkú àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin. Dókítà là wọ́n láti abẹ́ apá dé ẹ̀yìn, ó fi irin ya eegun ìhà kí ọwọ́ lè wọlé. Kókó náà jáde, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù méjì tí Bàbá ń di ìrọ̀rí mọ́ àyà kí wọ́n tó lè wúkọ́.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n rí kókó lára èmi náà ní Manchester. Ara iṣan ìmọ̀lára ló ti hù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ eegun ẹ̀yìn. Irin yẹn ni mo ń rí lójú oorun. Ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta péré ni wọ́n dá sí mi níhà. Èyí tó gùn jù kò tó ìka ọwọ́ mi. Wọ́n dá atẹ́gùn dúró nínú ẹ̀dọ̀fóró kan kó lè súnkì, ìkejì ni mo fi ń mí. Kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò kan wọlé, wọ́n ń wo inú àyà mi bí ẹni wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n gé kókó náà, wọ́n kó o sínú àpò kékeré kí ó má baà fọ́ sí mi nínú àyà, wọ́n fà á jáde. Rọ́bà tó ń fa omi àti atẹ́gùn jáde nínú àyà mi ló dùn mí jù. Ọjọ́ kẹta, mo ti délé.

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tàná: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi kámẹ́rà fídíò ṣe é. Kókó tó bá tóbi púpọ̀ tàbí tó lẹ̀ mọ́ òpó ẹ̀jẹ̀, wọ́n ṣì ń la àyà kí wọ́n tó yọ ọ́, ní Manchester níbí pàápàá.

N kò san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé. Ní Ìlọrin, àbúrò mi ta ọ̀kadà rẹ̀ kí a tó ra ìbọ̀wọ́, oògùn àti ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí.

Àmọ́ nígbà tí mo délé, èmi nìkan ni mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ara mi. Nọ́ọ̀sì pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ní Ìsánlú, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí odó iyán á ti máa dún lẹ́yìnkùlé. Bàbá kò dá jẹun lọ́jọ́ kan.

Mo fẹ́ kí kámẹ́rà náà, àti ẹni tó mọ bí a ti ń kun èèyàn lóorun kí ó máa fi ẹ̀dọ̀fóró kan ṣoṣo mí, wà nítòsí Kàbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá ní kí n gbé aṣọ sókè lórí fóònù kí wọ́n rí àpá mi. Wọ́n ní kí n sún mọ́ iná. Mo sún mọ́ ọn. Wọ́n tún bi mí pé, "Níbo ló wà?"